Omi Ni Kí Ìjọba Kọ́kọ́ Dà Síwájú

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí, ó yẹ kí n ti sọ ọ́ ní ọjọ́ Sátidé tí ẹgbẹ́ wa ṣe àríyànjiyàn nínú yàrá ìjẹun, àmọ́ ẹnu mi wúwo lọ́jọ́ náà.

Ẹ ó rántí kókó àríyànjiyàn ọ̀hún: "Ó yẹ kí ìjọba fòfin de àwọn tó ń fọwọ́ wa wúrà, nítorí májèlé tí iṣẹ́ wọn ń dà sí àyíká." Èmi wà ní ìhà àwọn tó ní kí ìjọba má fòfin dè é. Wọ́n fàgbà hàn wá. Olórí ìhà kejì dìde, ó ka iye àwọn ọmọdé tó kú ní Shikira, níbí nínú Ìpínlẹ̀ Niger wa, gbogbo yàrá sì dákẹ́ rọ́rọ́. Àwọn ọmọ JSS1 tó jókòó níwájú pàápàá dá ariwo ṣíbí dúró. Nígbà tó kàn mí, mo ní "àwọn èèyàn náà gbọ́dọ̀ jẹun," mo bá jókòó. Ìdáhùn burúkú ni. Ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ọmọ tó kú, èèyàn kì í fi ọ̀rọ̀ oúnjẹ dá a lóhùn.

Ohun tó dí mi lẹ́nu ni pé ìsọ̀ bàbá mi ni mo ti mọ púpọ̀ nínú ohun tí mo mọ̀ nípa ọ̀rọ̀ náà. Mo ti gba àyè lọ́wọ́ wọn báyìí. Wọ́n ní kí n kọ ọ́, kí n ṣáà má dárúkọ ìsọ̀ náà.

Tudun Wada níbí ni ìsọ̀ wọn wà. Ẹ̀rọ ìlọta ni wọ́n ń tà, òun náà ni wọ́n ń tún ṣe. Ẹ mọ̀ ọ́n: èyí tó ní ẹnu bí àrọ lókè, tí wọ́n ń da ata àti tòmátì sí, tí rọ́bà gbọọrọ so mọ́ ẹ́ńjìnnì tó ń dún kẹ̀kẹ̀kẹ̀. Bàbá bàbá mi ni wọ́n bá ọkọ̀ ojú irin wá sí Minna láti Ọ̀ffà. Iṣẹ́ alágbẹ̀dẹ ni wọ́n gbé dání, iṣẹ́ irin náà ni àwa ọmọ wọn ṣì ń jẹ títí dòní.

Láti ìgbà tí mo ti wà ní prámárì ni mo ti mọ̀ pé oríṣi oníbàárà méjì ló ń wá síbẹ̀. Àwọn kan ni ìyá alata àti àwọn tó ń lọ àgbàdo àti ọkà bàbà. Àwọn kejì máa ń gun ọ̀kadà wá láti ìhà Rafi àti Shiroro, eruku á ti bò wọ́n dé ìpéǹpéjú. Hausa ni wọ́n ń bá bàbá mi sọ. Ohun tí wọ́n sábà máa ń rà ni àwo, ìyẹn irin pẹrẹsẹ méjì tó ń fẹnu ko ara wọn nínú ẹ̀rọ tó fi ń lọ nǹkan. Ìyá alata lè lo àwo kan fún ọ̀pọ̀ oṣù. Tàwọn wọ̀nyí kì í pẹ́ rárá tó fi ń jẹ tán. Mo bi bàbá mi léèrè nígbà kan pé irú àgbàdo wo ló le tó bẹ́ẹ̀. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, "Òkúta ni, kì í ṣe àgbàdo."

Owó ilé ìwé mi wà nínú àwo yẹn. Owó bẹ́ẹ̀dì tí mò ń sùn lé ní họ́sítẹ́ẹ̀lì wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ṣé ẹ wá rí ohun tó mú ẹnu mi wúwo?

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bí ọ̀rọ̀ náà ṣe jẹ́ fún àwọn àbúrò wa tí wọn kò mọ̀ ọ́n. Wúrà inú òkúta kì í dá wà. Ní àwọn ibì kan ní Zamfara àti ní Ìpínlẹ̀ Niger, òjé ń bẹ nínú òkúta kan náà, òjé tí wọ́n ń lò nínú bátìrì ọkọ̀. Àwọn awakùsà á wa òkúta náà, wọ́n á fọ́ ọ wẹ́wẹ́, wọ́n á dà á sẹ́nu ẹ̀rọ ìlọta kí ó lè kúnná bí èlùbọ́, kí wọ́n tó fi omi ṣàn án láti fa wúrà yọ. Gbígbẹ ni wọ́n ń lọ̀ ọ́. Eruku tó ń jáde lẹ́nu ẹ̀rọ náà ni òjé ń bá rìn. Ó ń bà lé ilẹ̀ àgbàlá, ó ń bà lé ìkòkò omi, ó ń bà lé aṣọ ẹni tó ń lọ̀ ọ́, onítọ̀hún á sì gbé e wọlé lọ bá àwọn ọmọ rẹ̀. Kò ní òórùn tí èèyàn fi lè mọ̀ ọ́n. Ọmọdé tó ń rá ń fọwọ́ gbálẹ̀, ó ń ti ọwọ́ náà bọ ẹnu. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé ara ọmọ kékeré máa ń gba òjé wọlé ní ìlọ́po 4 sí 5 ju ti àgbàlagbà lọ láti inú ohun kan náà tí wọ́n jọ gbé mì. Ọpọlọ ni òjé ń bà jẹ́. Èyí tí kò bá pa ọmọ lè sọ ọ́ di adití tàbí afọ́jú, ó sì lè mú kí ọmọ má lè kọ́ ẹ̀kọ́.

Bó ṣe ṣẹlẹ̀ ní Zamfara ní 2010 nìyẹn. Àwọn dókítà Médecins Sans Frontières gbọ́ pé àwọn ọmọdé ń kú ní ìjọba ìbílẹ̀ Anka àti Bukkuyum. Ibà ni wọ́n kọ́kọ́ fi pè é. Nígbà tí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, òjé ni. Àwọn ọmọ tó kú lé ní 400. Ní abúlé bíi Dareta àti Yargalma, inú agbo ilé ni wọ́n ti ń lọ òkúta, àwọn obìnrin tí kì í jáde síta náà sì wà lára àwọn tó ń ṣe é.

Ọdún márùn-ún lẹ́yìn náà, ó dé ọ̀dọ̀ tiwa. Ní May 2015, ìjọba àpapọ̀ kéde pé àwọn ọmọ 28 ti kú ní agbègbè Shikira, ní ìjọba ìbílẹ̀ Rafi. Kò sí ìkankan nínú wọn tó pé ọmọ ọdún márùn-ún. Màlúù, ewúrẹ́ àti adìẹ náà kú. Iye yẹn gan-an ni olórí ìhà kejì kà fún wa, ó sì kà á re.

Nígbà tó parí ìwé kíkà rẹ̀, ó ní: "Nítorí náà, kí wọ́n fòfin dè é." Ibi tí èmi àti òun ti pínyà nìyí.

Ẹ gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ikú Zamfara. Oògùn ń bẹ tó ń fa òjé kúrò lára, ṣùgbọ́n bí ọmọ bá lo oògùn tán tó tún padà sí àgbàlá tó kún fún òjé, asán ni. Ó di dandan kí wọ́n há ilẹ̀ abúlé náà, kí wọ́n kó iyẹ̀pẹ̀ òkè rẹ̀ lọ sin, kí wọ́n sì kó iyẹ̀pẹ̀ mìíràn wá dípò, láti agbo ilé kan dé èkejì. Bagega ló tóbi jù nínú àwọn abúlé ọ̀hún. Àwọn ọmọ tó nílò ìtọ́jú níbẹ̀ lé ní 1,000, àwọn dókítà kò sì lè bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú wọn àfi bí wọ́n bá há ilẹ̀ náà ná. Ní May 2012, ìjọba àpapọ̀ ṣèlérí mílíọ̀nù 850 náírà fún iṣẹ́ Zamfara yìí. January 2013 ni owó náà tó jáde. Ó tó ọdún mẹ́ta lẹ́yìn tí wọ́n ti mọ ohun tó ń pa àwọn ọmọ kí wọ́n tó fi ọkọ́ kan ilẹ̀ Bagega.

Mílíọ̀nù 850 náírà, owó 2012 ni o, nígbà tí náírà ṣì jẹ́ náírà. Gbogbo rẹ̀ lórí eruku tó jáde lẹ́nu ẹ̀rọ bíi ti ìsọ̀ bàbá mi.

Àwọn àgbà ní ẹni tó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù. Mo ti ń gbọ́ òwe yìí tipẹ́, n kò mọ̀ pé ó lè jẹ́ omi gidi. Lẹ́yìn ikú Shikira, àwọn kan tó mọ̀ nípa eruku ibi iṣẹ́, tí wọ́n ń jẹ́ Occupational Knowledge International, àti àwọn dókítà tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan, bá àwọn awakùsà jókòó. Wọn kò sọ pé kí wọ́n má wa wúrà mọ́. Wọ́n so ohun tó ń fín omi wẹ́ẹ́wẹ́ẹ́ mọ́ ẹ̀rọ ìlọta tí àwọn èèyàn náà ti ń lò tẹ́lẹ̀, kí òkúta lè tutù bó ṣe ń wọ ẹnu ẹ̀rọ. Wọ́n tún gbà wọ́n nímọ̀ràn pé kí wọ́n gbé ibi iṣẹ́ jìnnà sílé, kí wọ́n sì wẹ̀, kí wọ́n pààrọ̀ aṣọ kí wọ́n tó lọ gbé ọmọ. Nígbà tí wọ́n wọn afẹ́fẹ́ ibi tí wọ́n ti ń lọ̀ ọ́, òjé inú eruku ti dín kù ní ìdá 95 nínú 100. Wọ́n tẹ ìwádìí náà jáde ní 2019. Kì í ṣe Amẹ́ríkà ni wọ́n ti ṣe é o, àríwá Nàìjíríà níbí ni.

Nígbà tí mo ka èyí, n kò gbà á gbọ́. Nítorí náà ní ìsinmi tó kọjá, mo bẹ bàbá mi kí a dán an wò. Wọ́n ní iṣẹ́ ń bẹ nílẹ̀. Mo bẹ̀ wọ́n títí, wọ́n gbé ògbólógbòó ẹ̀rọ kan jáde sẹ́yìn ìsọ̀. A ò lo òkúta wúrà, kí ẹnikẹ́ni má bẹ̀rù. Bíríkì pupa tó ti fọ́ la lò. A kọ́kọ́ lọ̀ ọ́ ní gbígbẹ. Láàárín ìṣẹ́jú kan, eruku pupa ti bo wá, ó fò kọjá ògiri, ó lọ bá télọ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa lórí léèsì funfun oníbàárà rẹ̀. Ẹ ò lè mọ ariwo tó pa! A bẹ̀ ẹ́, a fi aṣọ bo tirẹ̀, a tún bẹ̀rẹ̀. Lẹ́ẹ̀kejì, bàbá mi gbé kẹ́ẹ̀gì omi sókè lórí àpótí, wọ́n fa rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kan wá láti ara rẹ̀, wọ́n fi ẹnu páǹpù tí àwọn àgbẹ̀ fi ń fín oògùn sí ìdí ọ̀nà tí bíríkì ń gbà wọlé. Ẹrẹ̀ pupa ló ń jáde, ó ń rọra ṣàn sínú ọpọ́n. Eruku kò fò. Télọ̀ yọjú, ó wò wá, ó padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀ láìsọ nǹkan kan.

Gbogbo ohun tí a lò wà ní ọjà Kure. Bàbá mi ṣírò rẹ̀, wọ́n ní kò tó iye àwo ẹ̀rọ méjì.

Mo ní, "Ẹ jẹ́ ká máa tà á bẹ́ẹ̀ nígbà náà."

Wọ́n ní, "Ta ló fẹ́ rà á? Bí mo bá fi owó omi lé e, ẹni tó wà lódìkejì kò fi lé e, ọ̀dọ̀ ta lo rò pé wọ́n máa lọ?"

Ọ̀rọ̀ yìí ni mo gbé sùn. Bàbá mi kì í ṣe ìkà. Awakùsà tó ń ra àwo lọ́wọ́ wọn kì í ṣe ìkà, òun náà ní ọmọ nílé. Àmọ́ ẹni tó bá kọ́kọ́ ṣe ohun tó dáa láàárín wọn ló máa pàdánù. Ibi tí ìjọba ti wúlò nìyí. Bí ìjọba bá ní kò sí ẹni tó gbọ́dọ̀ ta ẹ̀rọ tàbí àwo fún ìlọ òkúta láìsí ohun tó ń fín omi lára rẹ̀, bàbá mi àti ẹni tó wà lódìkejì á jọ ta ohun kan náà ni. Kò sẹ́ni tó máa pàdánù. Àwa tí a ń tà á ní Minna, wọ́n lè kà wá lọ́sàn-án kan ṣoṣo. Àwọn tó ń lò ó nínú igbó, ta ló lè kà wọ́n?

Èyí gan-an ni ohun tí mo fẹ́ kí ẹ bá mi gbé yẹ̀ wò. Ìjọba tí owó rẹ̀ kò pọ̀, ojú ọ̀nà tóóró ló yẹ kó lọ dúró sí, níbi tí gbogbo èèyàn ń gbà kọjá. Kó má máa lé èèyàn kiri inú pápá.

Àwọn tó ní kí wọ́n fòfin dè é, inú pápá ni wọ́n ń rán ìjọba lọ. Ní April 2019, ìjọba àpapọ̀ dá ìwakùsà dúró ní Zamfara nítorí ọ̀rọ̀ ààbò. Ṣé wúrà kò jáde ní Zamfara mọ́ láti ìgbà náà ni? Ẹni tí ebi ń pa á wa ilẹ̀ lóru. Bí wọ́n bá sì lé ẹ̀rọ kúrò ní gbangba, ibo ló ń lọ? Inú ilé ni, lẹ́yìn ògiri, nídìí ẹní tí ọmọ ń sùn sí. Ibi tó ti pa àwọn ọmọ Dareta náà nìyẹn. Ẹ tún wo ọ̀nà Kagara. Ní February 2021, wọ́n lọ jí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bíi tiwa gbé ní họ́sítẹ́ẹ̀lì Government Science College, Kagara, ní ìjọba ìbílẹ̀ Rafi kan náà yìí. Gbogbo àwa tí a ń sùn ní họ́sítẹ́ẹ̀lì ní Ìpínlẹ̀ Niger mọ bí oorun ṣe rí lẹ́yìn ìgbà náà. Òṣìṣẹ́ wo ni ìjọba fẹ́ máa rán lọ síbẹ̀ lójoojúmọ́ láti lọ wo ẹni tó ń lọ òkúta?

Ọ̀rọ̀ ojú ọ̀nà tóóró yìí kì í ṣe àlá tí mo lá. Òjé ti wà nínú epo bẹntiróòlù rí, gbogbo ọkọ̀ ló ń tú u sójú afẹ́fẹ́, àwọn òbí wa fa èéfín rẹ̀ símú. Ní June 2001, àwọn ìjọba ilẹ̀ Áfíríkà pàdé ní Dakar, wọ́n fẹnu kò pé kí epo olójé kúrò ní gúúsù Sàhárà kí 2005 tó parí. Nígbà tí 2006 fi bẹ̀rẹ̀, ó ti kúrò. Kò sí ọlọ́pàá tó ń dá ọkọ̀ dúró láti wo inú táǹkì. Iléeṣẹ́ tó ń fọ epo àti àwọn tó ń kó o wọlé ni wọ́n bá sọ̀rọ̀, wọn kò sì pọ̀. Algeria ló ta èyí tó kẹ́yìn ní gbogbo ayé ní 2021.

Ní ti wúrà, ọ̀nà tóóró kejì ń bẹ, ìyẹn ẹni tó ń rà á. Àwọn tó ń wa wúrà lè pọ̀ bí eèrà, àwọn tó ń rà á kò pọ̀ rárá. Ní July 2020, wọ́n gbé wúrà 12.5 kg lọ fún Ààrẹ Buhari ní Abuja, wúrà tí àwọn awakùsà kéékèèké wà lábẹ́ ètò ìjọba àpapọ̀, Báńkì Àpapọ̀ sì rà á ní mílíọ̀nù 268 náírà. Ó dáa. Bí ìjọba fúnra rẹ̀ bá ń ra wúrà, kí ló ṣòro nínú kó sọ pé, "Èyí tí wọ́n fi ẹ̀rọ olómi lọ̀ nìkan ni mo máa rà, owó tí mo máa san lé e á sì fi díẹ̀ ju ti ọjà lọ"? Ìgbà tí awakùsà bá rí i pé omi ń mú owó wá, kò sẹ́ni tó máa bẹ̀ ẹ́ kó tó lọ pọnmi.

N kò sọ pé omi nìkan ló máa parí gbogbo rẹ̀. Ẹrẹ̀ tó jáde nínú ọpọ́n wa, bó bá jẹ́ òkúta wúrà gidi ni, májèlé ni. Bí wọ́n bá dà á sódò, wọ́n kàn gbé ikú láti inú afẹ́fẹ́ lọ sínú omi ni. Wọ́n gbọ́dọ̀ gbẹ́ kòtò fún un, jìnnà sí odò àti kànga. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn bíi báyìí, omi fúnra rẹ̀ ń wọ́n. Àwa náà ṣáà mọ̀ ọ́n, àwa tí a ń tò sídìí ẹ̀rọ omi láti aago mẹ́rin ìdájí. Mákíúrì tí wọ́n fi ń kó wúrà jọ náà ṣì wà ńbẹ̀, ọ̀rọ̀ tirẹ̀ á gba ojú ewé mìíràn.

Àwọn kan á ní, "Àwọn iléeṣẹ́ ńlá ńkọ́? Ṣé wọ́n á fín omi sí àwọn náà ni?" Rárá. Ní Ògijo, ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, iléeṣẹ́ tó ń yọ́ bátìrì ọkọ̀ tó ti kú wà láàárín ilé àwọn èèyàn, èéfín òjé ń bà lé òrùlé. Àwọn wọ̀nyẹn kì í ṣe aláìní, wọ́n ní owó tí wọ́n lè fi ra ohun tó ń dá èéfín dúró. Ohun tí wọ́n ń bẹ̀rù ni orúkọ. Ní June 1995, ìjọba Indonesia fún iléeṣẹ́ 187 ní àwọ̀, bí ìgbà tí tíṣà ń fún wa ní máàkì: àwọ̀ wúrà fún èyí tó dára jù lọ, àwọ̀ ewé tẹ̀ lé e, búlúù fún èyí tó tẹ̀ lé òfin, pupa fún èyí tó kùnà, dúdú fún èyí tí kò tiẹ̀ gbìyànjú. Nínú 187 yẹn, 121 ló gba pupa tàbí dúdú. Ìjọba ò kọ́kọ́ dárúkọ wọn. Àwọn márùn-ún tó gba àwọ̀ ewé nìkan ni wọ́n yìn ní gbangba, kò sì sí ẹni tó gba wúrà. Wọ́n wá sọ fún àwọn yòókù pé, "Ẹ tún ara yín ṣe, ní December a máa ka orúkọ gbogbo yín." Ẹ wo ọgbọ́n! Kí December tó dé, àwọn kan ti sáré kúrò nínú dúdú. Bí iná sẹ́ńtírì ṣe máa ń rí lórí wa nìyẹn, tí housemaster bá ní òun máa ka orúkọ yàrá tó dọ̀tí jù ní àsẹ́ńbìlì.

Àjọ NESREA ń bẹ ní Nàìjíríà láti 2007, òfin sì ti ń bẹ ṣáájú rẹ̀, láti ìgbà tí àwọn ará Ítálì kó májèlé wá dà sí Koko ní 1988. Iye tí ìjọba máa ná láti ka àwọ̀ iléeṣẹ́ kọ̀ọ̀kan lórí rédíò, ní Yorùbá, ní Hausa, ní Nupe, ní Gbagyi, kò lè tó owó táyà ọkọ̀ kọmíṣọ́nnà. (Ẹ foríjì mí, olóòtú ní kí n yọ gbólóhùn yẹn, mo bẹ̀ ẹ́.)

Ọ̀rọ̀ owó ló kù. Ta ló máa san owó kẹ́ẹ̀gì, rọ́bà, àti yíyẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọ abúlé wò? Wọ́n ní ẹni tó ba àyíká jẹ́ ni kó sanwó àtúnṣe. Ó dára létí. Ṣùgbọ́n bàbá ọmọ tó kú ní Shikira ni ẹni tó lọ òkúta. Kí lẹ fẹ́ gbà lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́? Èrò tèmi ni pé kí wọ́n bu owó díẹ̀ lé wúrà ní ọ̀dọ̀ àwọn tó ń rà á ní ọ̀pọ̀, kí wọ́n sì bu táṣẹ́rẹ́ lé àwo ẹ̀rọ tí wọ́n ń rà fún òkúta, kí owó náà wà fún omi àti ẹ̀jẹ̀ nìkan. Mo ka ibí yìí sí bàbá mi létí lọ́jọ́ àbẹ̀wò. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀.

"Ṣé èmi lo fẹ́ kí wọ́n bu owó lé?"

Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, táṣẹ́rẹ́ ni."

Wọ́n ní kí n jẹ ẹran mi.

Ẹgbẹ́ wa ti gbà pé kí a kọ lẹ́tà sí iléeṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí àyíká ní Minna níbí, kí a bi wọ́n bóyá wọ́n lè bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta ẹ̀rọ. Olórí ìhà kejì náà ní òun máa fọwọ́ sí i, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ṣì ní òfin ló dáa jù. Ẹni tó bá fẹ́ fọwọ́ sí i, kó wá sí kíláàsì SS2 lẹ́yìn prẹ́ẹ̀pù ọjọ́ Ẹtì.

Ẹ̀rọ olómi tí a ṣe ṣì wà níwájú ìsọ̀. Bàbá mi kò tú u. Wọ́n ní ọkùnrin kan láti ìhà Rafi dúró tì í lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó fọwọ́ kan rọ́bà náà, ó bi wọ́n pé ṣé omi ò ní ṣan wúrà òun lọ. Bàbá mi ní àwọn ò tíì lọ wúrà nínú rẹ̀, bíríkì làwọn lọ̀. Ó bi wọ́n ní iye, wọ́n sọ fún un. Ó ra àwo mẹ́rin, ó ní òun ń bọ̀ lọ́jọ́ ọjà.